Òṣùwọ̀n Ta Ni A Fi Ń Wọn Dùndún?

Bí ẹ ti ń wò mí yìí, àwo méjì ni ó wà lórí tábìlì níwájú mi. Ohun tí ó wà nínú ọ̀kan ni ọ̀dùnkún òyìnbó díndín, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní chips. Ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ ìgbàlódé tí wọ́n ti ń ta bọ́gà ni a ti rà á. Ohun tí ó wà nínú èkejì ni dùndún iṣu, tí a rà lọ́wọ́ ìyá kan tí ń dín in lẹ́bàá ọ̀nà. Olóòtú ètò yìí ní kí n wá ṣe adájọ́ láàrin àwọn méjèèjì kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, nítorí pé èdè ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní oúnjẹ sísè rí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ èdè pọ́ńbélé ni. Adájọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu kò lè dá ẹjọ́. Bí a bá gbé oúnjẹ síwájú ènìyàn, tí gbogbo ohun tí ó lè sọ nípa rẹ̀ kò ju pé ó dùn tàbí kò dùn lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì dájọ́. Ó kàn jẹun ni.

Ibi tí n óò ti máa mú àpẹẹrẹ wá jù ni Òkè-Ọ̀pín àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Mo ní láti là á yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí Adó jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ni mo ń wí. Èkìtì ti Kwara ni, tí Aráròmí-Ọ̀pín jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, tí Ọ̀sí sì wà nínú rẹ̀. Òkè-Ẹ̀rọ̀, tí Ìlọ́fà jẹ́ ibùjókòó tirẹ̀, ni ó múlé tì í. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, iṣu kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn láàrin wọn. Níbi tí iṣu bá ti pọ̀, àwọn ènìyàn a máa rí ìyàtọ̀ nínú ohun tí àlejò rò pé kò níyàtọ̀. Èyí tí a ó gún, èyí tí a ó sè, èyí tí a ó sun àti èyí tí a ó dín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹni tí ó gbìn wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún àlejò. Ọ̀dùnkún tí a ń pè ní ti òyìnbó yìí kì í ṣe ti òyìnbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn onílẹ̀ ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn ará Spéìnì tó gbé e dé Yúróòpù ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ní tiwa níhìn-ín, àwọn òyìnbó tí wọ́n wá wa tánńganran ní agbègbè Jọ́ọ̀sì ni wọ́n mú un dé, òkè Plateau náà ni a sì ti ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà títí di òní. Ní ti ẹni tí ó kọ́kọ́ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì dín in, àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù àti àwọn ará Faransé kò tíì parí ìjà wọn lórí rẹ̀, n kò sì ní bá wọn dá sí i.

Ohun tí ó kàn wá ni bí àwọn ilé oúnjẹ bọ́gà ti ṣe sọ ọ́ di ohun tí a lè fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n káàkiri ayé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ McDonald ṣí ilé oúnjẹ kan ní San Bernardino, ní California, ní 1940. Ní 1949 ni wọ́n fi ọ̀dùnkún díndín kún ohun tí wọ́n ń tà. Nígbà tí Ray Kroc ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ wọn ní 1955, ọ̀dùnkún tútù ni wọ́n ṣì ń bó tí wọ́n sì ń gé lójoojúmọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀dùnkún kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ti oṣù yìí kì í jọ ti oṣù tí ń bọ̀. Èyí tí a bá tọ́jú pẹ́ síbi tí ó tutù jù, ṣúgà a máa pọ̀ sí i lára rẹ̀, a sì máa tètè dúdú nínú òróró. Onílé oúnjẹ kan lè fara da èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé oúnjẹ kò lè fara dà á. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bá J. R. Simplot, oníṣòwò ọ̀dùnkún kan ní Idaho, ṣe àdéhùn pé kí ó máa kó èyí tí a ti gé, tí a ti dín díẹ̀, tí a sì ti mú kí ó dì gbagidi bíi yìnyín, wá fún wọn.

Ẹ fọkàn bá mi wọ inú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Omi ni wọ́n fi ń ta ọ̀dùnkún bí ọta ìbọn gba àárín àwọn ọ̀bẹ tí a tò pọ̀, tí yóò fi jáde ní gígùn-gígùn tí igun wọn dọ́gba. Wọn a bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tí a pò mọ́ irú ṣúgà kan tí à ń pè ní dextrose, kí gbogbo rẹ̀ lè pọ́n bákan náà. Ẹ gbọ́ mi o: pípọ́n rẹ̀ kò ti ọwọ́ ẹni tí ń dín in wá, inú omi ni a ti fi í sí i lára. Wọn a gbẹ ẹ, wọn a dín in díẹ̀, wọn a mú kí ó dì. Ọ̀dọ́mọdé tí ó wà nídìí òróró ní ilé oúnjẹ kò ní ìpinnu kankan láti ṣe. Yóò da á sínú apẹ̀rẹ̀ onírin, yóò tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ yóò sì ké sí i nígbà tí ó bá jinná.

Ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ní ìlànà tí wọ́n fi ń fi ọ̀dùnkún dídì yìí sí ipò kìíní tàbí ipò kejì. Ti 1967 ni ó gbajúmọ̀ jù. Wọ́n ní páálí àwọ̀ tí a ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti pọ́n tó. Wọ́n pín máàkì fún àwọ̀, fún ìdọ́gba ìtóbi, fún àìní àbùkù, àti fún bí ara rẹ̀ ti rí. Ibi tí ó dùn mọ́ èmi olùkọ́ èdè nínú jù ni pé adùn kò ní máàkì tirẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ní kí ó má ṣàìdùn ni, wọ́n sì kọjá lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ tà fún ẹni tí a kò mọ̀, ní ìlú tí a kò dé rí, ohun tí ojú rí àti ohun tí rúlà wọ̀n ni ó rọrùn láti fi ṣe àdéhùn. Mo gbóríyìn fún wọn. Ẹni tí ebi pa ní ìlú àjèjì, tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, mọ ohun tí yóò bá nínú páálí pupa náà kí ó tó ṣí i, àǹfààní kékeré sì kọ́ nìyẹn.

Nísinsìnyí, ẹ wo àwo kìíní. Mo tọ́ ọ wò kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣì gbóná fẹlifẹli. Ó dùn. Iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: bí mo ti mú ọ̀kan nídìí yìí, orí rẹ̀ ti tẹ̀ bí okùn. Dùndún tí ó wà nínú àwo kejì náà ti tutù, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì rọ̀. Èyí kò sọ pé dùndún ni ó borí. Ohun tí ó sọ ni pé bí a bá fi ìdúró wọ̀n wọ́n, dùndún ni yóò gba ipò kìíní. Bí a bá sì fi rúlà wọ̀n wọ́n, yóò pàdánù. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ẹni tí ó yan òṣùwọ̀n ti yan olúborí.

Òṣùwọ̀n wo wá ni dùndún ní tirẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu. Kì í ṣe gbogbo iṣu ni a ń dín. Ewùrà a máa lómi lára. Ọ̀jọ̀jọ̀ àti ìkọ́kọrẹ́ ni ó yẹ ẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ṣe dùndún, àwọn oníbàárà yóò mọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu. Iṣu funfun ni dùndún ń fẹ́, àní iṣu funfun náà kò dọ́gba láti oṣù dé oṣù. Iṣu tuntun, tí inú gbogbo ènìyàn ń dùn sí, omi pọ̀ lára rẹ̀ jù. Omi yìí a máa bá òróró jà, dùndún rẹ̀ a sì máa rọ̀. Èyí tí ó ti pẹ́ díẹ̀ nínú abà ti gbẹ, ó sì ti dùn sí i. Ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ èyí, nítorí náà bí ó ti ń dín in ní oṣù kẹjọ kọ́ ni ó ṣe ń dín in ní oṣù kejì. Ìyípadà yìí gan-an ni àwọn ará Idaho ná owó rẹpẹtẹ láti pa rẹ́.

Lẹ́yìn iṣu ni ọ̀bẹ, n óò padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ láìpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀bẹ ni iná àti òróró. Nígbà tí iṣu bá kọ́kọ́ wọ inú agbada, òróró a máa hó, a sì máa pariwo. Omi ara iṣu ni ó ń sá jáde. Bí omi náà ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ariwo náà yóò máa rẹlẹ̀. Ìyá oní-dùndún lè kọjú sí oníbàárà kí ó máa ṣírò ṣéńjì, etí rẹ̀ ṣì wà nínú agbada. Nígbà tí ohùn òróró bá yí padà, yóò na ọwọ́ sí ìgbákọ láìwẹ̀yìn. Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni mo ń sọ. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé-iṣẹ́ McDonald's, Louis Martino, ṣe ìwádìí gidi lórí àkókò tí ọ̀dùnkún ń jinná, ó sì rí i pé bí òróró bá ti tutù nígbà tí a da ọ̀dùnkún sí i, tí ó tún wá gbóná padà ní ìwọ̀n díẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. Wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ìgbóná náà. Ohun tí ẹ̀rọ ń fi ìgbóná mọ̀, ìyá wa ń fi etí mọ̀ ọ́n. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé orúkọ kan náà, ní ohùn kan náà, ni ìlù wa tí ń sọ̀rọ̀ ń jẹ́. N kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì o. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò!

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ń dájọ́, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Bí ó bá ní "ó pọ́n," ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọsàn àti ata tí ó gbó ni ó lò, ìyẹn ni pé ó ti dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Bí ó bá ní "ó jó," ó ti kọjá ibẹ̀. Bí ó bá ní "iná kò dé inú rẹ̀," ẹni tí ó dín in kánjú, òróró gbóná jù, ẹ̀yìn pọ́n, inú ṣì le. Bí ó bá ní "ó mu òróró," òróró kò gbóná tó kí iṣu tó wọlé. Bí ó bá ní "iṣu rẹ̀ lómi," kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ẹni tí ó dín in, ọjà tí ó ti ra iṣu ni kí a bi. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ó ni ín. Ìlànà ti Amẹ́ríkà ń sọ fún ni bí ọjà ti rí. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ bí ó ti ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn dáadáa lè padà sídìí agbada kí ó tún un ṣe.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin pípọ́n àti jíjó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Sweden kéde pé èròjà kan tí à ń pè ní acrylamide ń jáde nínú oúnjẹ oníṣítáàṣì tí a bá dín tàbí tí a bá yan nínú ooru líle, àti pé bí ó bá ti ń dúdú sí i ni èròjà náà ń pọ̀ sí i. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 2017, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Lára ohun tí ó ń kọ́ àwọn tí ń dín ọ̀dùnkún ni kí wọ́n jẹ́ kí ó pọ́n díẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ó dúdú. Àwọn àgbà wa ní iṣu atẹnumọ́rọ̀ kì í jóná. Kò dájú pé èròjà kankan ni ó wà lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé jíjó kì í ṣe ìpele kan nínú pípọ́n.

Mo ní n óò padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ, pé kí n wá gbọ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe. Ó kan ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Ọmọbìnrin kan láti agbègbè Òkè-Ọ̀pín yíyí ni ó dín dùndún. Ó gé iṣu náà bí wọ́n ti ń gé e nílé wọn: ẹ̀gbẹ́ kan nípọn, ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́lẹ́ bí etí ọ̀bẹ. Ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀gbẹ́ fẹ́lẹ́ ni yóò dún lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ nínípọn ni yóò rọ̀, kí ẹni tí ń jẹ ẹ́ lè rí méjèèjì nínú ẹyọ kan. Olùkọ́ tí ń fún un ní máàkì wo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé tí a ti tò sílẹ̀ tipẹ́. "Gígé rẹ̀ kò dọ́gba," ni ó wí, ó sì yọ máàkì. Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Nígbà tí a jáde, mo bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó ní ìyá òun ni, àti pé owó dùndún ni wọ́n fi rán òun àti àwọn àbúrò òun níléèwé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí n kò lè gbàgbé: "Àṣé wọn ò mọ̀ ọ́n gé, sà."

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Máàkì méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Yóò rí òmíràn kó. Ṣùgbọ́n ó wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò pẹ̀lú ìmọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ìdájọ́ lórí ìyá rẹ̀. Ìdọ́gba tí ìwé yẹn ń béèrè, ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé nǹkan ni ó ti wá, níbi tí gbogbo ẹyọ ti gbọ́dọ̀ jinná láàrin ìṣẹ́jú kan náà nítorí pé aago ni ó ń ṣọ́ ọ. Nínú agbada tí ènìyàn ń ṣọ́, kí ni a ń fi í ṣe?

Bẹ́ẹ̀ sì ni pé agbègbè tí ọmọ náà ti wá kì í ṣe ibi tí a lè kọ́ ní ìdájọ́ ṣíṣe. Ọ̀sí ni Areogun, àgbà ọ̀nà tí ó kú ní 1954, ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère Ẹ̀pà tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé. Ọmọ rẹ̀, George Bandele, tún gbé iṣẹ́ náà lárugẹ. Odò-Ọwá, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ni Bámigbóyè ti gbẹ́ irú èyí tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó jọ fún ìpàtẹ ńlá kan ní 2022. Irú iṣẹ́ báyìí kì í hù níbi tí àwọn òǹwòran kò bá ti lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, rìn kiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1960, ó ń gbé ère síwájú àwọn ará abúlé, ó ń bi wọ́n pé èwo ni ó dára, kí ló dé. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1973. Ohun tí ó bá ni pé wọ́n ní ọ̀rọ̀: dídán, gígún, ìfarahàn, jíjọra. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni jíjọra. Ère kò gbọdọ̀ jọ ènìyàn jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ènìyàn. Ìwọ̀n ni wọ́n ń wá. Ẹ gbé e dé ìdí agbada: kí ó pọ́n má jó, kí ó gbẹ má le, kí ó rọ̀ má mu òróró. Ojú kan náà ni ó ń wo méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó bu máàkì Areogun kù nítorí pé orí ère rẹ̀ tóbi ju ti ènìyàn lọ.

Bí a bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá inú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a wo Kẹ́ńyà. Ní oṣù kìíní 2022, ọ̀dùnkún díndín tán ní àwọn ilé oúnjẹ KFC ní orílẹ̀-èdè náà. Kẹ́ńyà ń gbin ọ̀dùnkún rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn àgbàdo, òun ni oúnjẹ wọn kejì, àsìkò náà kò sì jẹ́ àsìkò ìyàn. Ohun tí ó fà á ni pé ilẹ̀ òkèèrè ni èyí tí wọ́n ń dín ti ń wá, ọkọ̀ ojú omi sì pẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé olùpèsè gbogbo ní láti la ìdánwò àgbáyé wọn kọjá, àti pé wọn kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ọjà tilẹ̀ tán. Inú bí àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí a má rà á mọ́, lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà tó ní àwọn yóò wo ti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dùnkún wà nínú oko tí ó súnmọ́ wọn. Ohun tí kò sí ni ìwé tí ó sọ pé ó dára, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó ni òṣùwọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ wa lórí òkè Plateau, tí àrùn ba ọ̀dùnkún wọn jẹ́ gidigidi ní 2014, yóò mọ bí ó ti ń rí kí a tún kórè tán kí a má rí ẹni tí yóò fi òǹtẹ̀ lù ú.

Àwọn kan yóò ní kí a fi àwọn ará ilé oúnjẹ sílẹ̀, kí a jẹ dùndún tiwa jẹ́ẹ́. Òwe wa kan tilẹ̀ ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n ní ti ọ̀rọ̀ yìí, ó ti pẹ́ jù tí a ti ń fọwọ́ bò ó. Ohun tí a fọwọ́ bò, ọmọ ilé kò lè rí i kọ́. Àìdájọ́ sì ti ba dùndún fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ lọ wo àwọn agbada kan lẹ́bàá títì: òróró tí a ti ń lò láti àná àti ìjẹta, tí ó ti dúdú bí omi aró, ni wọ́n fi ń dín in. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi ń dì í, tí yíǹkì rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ iṣu. Oníbàárà ń rí i, ó ń kùn sínú, ó sì ń sanwó. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí ó lè fi bá ìyá náà wí tìfẹ́tìfẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ọjọ́un ti máa ń wí pé, "Ìyá, òróró yìí ti gbó o, ẹ bá wa pààrọ̀ rẹ̀," ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, nítorí ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé oúnjẹ títì ni, kí ni kí a retí? Bí ilé oúnjẹ bọ́gà bá fún un ní èyí tí ó rọ̀ bí okùn yìí, yóò pe máníjà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin tí ẹ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, kò tóbi. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sí ọjà, kì í ṣe láti lọ ra dùndún nìkan, bí kò ṣe láti jókòó ti ìyá tí ń dín in fún wákàtí kan kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ àti ẹnu àwọn oníbàárà jáde. Kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ohùn àdúgbò. Ní Òkè-Ọ̀pín, yóò yàtọ̀ sí ti Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti wọn jọ fi àwọn ọ̀rọ̀ náà tún ìwé ìfúnnimáàkì yín kọ, kí àlàfo wà nínú rẹ̀ fún àkókò ọdún, fún irú iṣu, àti fún ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gé e bí ó ti gé e.

Olóòtú, o ní kí n dájọ́, n kò sì ní sá. Nígbà tí ó gbóná, mo fún ọ̀dùnkún yìí ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Nísinsìnyí tí ó tutù, mo fún un ní méjì. Dùndún yìí, iṣu rẹ̀ dára, ó pọ́n, ṣùgbọ́n ó mu òróró díẹ̀. Iná ìyá náà kò tó nígbà tí ó da á sí i. Méje ni mo fún un, n óò sì lọ sọ fún un fúnra mi lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa tí ó jókòó sí apá òsì mi yìí, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ìwé gíga, ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ máàkì. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.